Ta Ni Yóò Ka Orúkọ Ilé-Ìwé Náà? Èsì fún Ìyá Ìbùkún

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Maryland, ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akérò. Ìbùkún, àkọ́bí wa, ń parí háískúù lọ́dún yìí. Ilé-ìwé méjì tó gbà á ló kó wa lọ́kàn sókè: Yunifásítì Maryland ní College Park, níbi tí wọ́n ti gbà á sí ẹ̀ka bísínẹ́ẹ̀sì, àti Amherst College ní Massachusetts, níbi tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ìtàn. Mo bi àwọn èèyàn wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Amherst rí. Bàbá rẹ̀ ní òun ò torí ìtàn wọ bàálù wá sí Amẹ́ríkà. Ṣé orúkọ ilé-ìwé ló yẹ ká wò ni, àbí kọ́ọ̀sì tó máa fún ọmọ níṣẹ́?"

Ẹ kú oríire, Ìyá Ìbùkún. Ilé-ìwé méjèèjì tí ẹ dárúkọ kì í gba ọmọ tí kò múra sí ìwé, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ kí ọmọ yín kú iṣẹ́. N ó sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó ṣàlàyé. Bí owó tí Amherst máa gbà lọ́wọ́ yín gan-an, lẹ́yìn ìrànwọ́, kò bá ju ti College Park lọ débi tí ẹ̀yin òbí máa fi tọrùn bọ gbèsè, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ sí Amherst, kó kọ́ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kó fi statistics tàbí economics kún un. Bó bá jẹ́ lóònù ni ẹ fẹ́ fi gbé e lọ, College Park ni. Ohun tí wọ́n gbọ́ rí tàbí tí wọn ò gbọ́ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì kò sí nínú ìṣirò mi rárá.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbùkún ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ṣe sẹ́kọ́ńdìrì ní Nàìjíríà mọ bí wọ́n ṣe máa ń pín ọmọ ní SS1: àwọn tó mọ ìṣirò lọ sí sáyẹ́ǹsì, àwọn tó tẹ̀ lé wọn lọ sí kọ́máṣíà, àwọn tó kù wá di ọmọ àátì. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá bọ́ sí àátì á yára fi kún un pé lọ́yà ló fẹ́ ṣe, kí ojú má baà ti òun. Ìpín yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn wa, òun la sì fi ń wo àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó ń kọ́ ọmọ ní onírúurú ìmọ̀ láìdá lé iṣẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀, Amherst, Williams, Swarthmore àti Pomona kì í ṣe ilé ọmọ àátì. Físíìsì wà níbẹ̀, ìṣirò wà níbẹ̀, bàọ́lọ́jì àti kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ ò ní rí ní Amherst ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tààrà: kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí accounting, kò sí bísínẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù á ti gbọ́ nípa Charles Drew, dókítà aláwọ̀ dúdú tó darí ètò kíkó omi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Bìrìtéènì nígbà ogun, lọ́dún 1940. Amherst ló ti gba dìgírì àkọ́kọ́, lọ́dún 1926. Ibẹ̀ náà ni Joseph Stiglitz àti Edmund Phelps ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Uhuru Kenyatta tó ṣe ààrẹ Kẹ́ńyà jáde níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, tó ti kọ́ni ní Ifẹ̀ tẹ́lẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní òun ò gbọ́ orúkọ ilé-ìwé náà rí, ẹ lè ka èyí sí i létí, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ò dáhùn ìbéèrè yín, torí pé olókìkí ènìyàn wà tó jáde láti ilé-ìwé gbogbo.

Àwọn àgbà ní ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún. Ọwọ́ ẹni tó ń kà á ni agbára orúkọ ilé-ìwé wà. Nítorí náà, kí ẹ tó bi mí bóyá Amherst lórúkọ, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ta ni yóò ka ìwé tí Ìbùkún máa fi wáṣẹ́.

Bó bá jẹ́ àwọn báńkì ńlá Wall Street ni, tàbí àwọn ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn bíi McKinsey àti Bain, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ òfin tó lókìkí, wọ́n mọ Amherst bí ẹni mowó. Lauren Rivera, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Yunifásítì Northwestern, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wò, ó tún bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ fúngbà díẹ̀. Ohun tó rí kò dùn ún gbọ́: wọ́n ní àkọsílẹ̀ ilé-ìwé tí wọ́n ń lọ kó ọmọ, ìwé tó bá sì ti ibòmíràn wá, tí kò sẹ́ni tó mú un dání, wọ́n lè má ṣí i wò. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ College Park ò mọ̀wé. Ìwé wọn ni kò dé iwájú ẹni tó yẹ.

Ibí yìí ló máa ń ya irú Bàbá Ìbùkún lẹ́nu nígbà tí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀: àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ò béèrè dìgírì bísínẹ́ẹ̀sì. Wọn ò tiẹ̀ lè béèrè rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí wọ́n fẹ́ràn jù kò ní in. Ẹ ò lè kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì fún dìgírì àkọ́kọ́ ní Harvard. Ẹ ò lè kọ́ ọ ní Yale. Princeton ò tiẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì rárá. Nínú àwọn mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Ivy League, Yunifásítì Pennsylvania, tó ni ilé-ẹ̀kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì Wharton láti 1881, àti Cornell nìkan lẹ ti lè gba irú dìgírì bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń jáde ní ibi yòókù tí wọ́n ń wọ báńkì kọ́ ìṣirò, tàbí ọrọ̀ ajé, tàbí ìtàn, tàbí èdè Látìn pàápàá. Báńkì ló ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ owó lẹ́yìn tí wọ́n dé. Adébáyọ̀ Ògúnlẹ́sì, ọmọ Ṣàgámù, kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ìṣèlú àti ọrọ̀ ajé ní Oxford kó tó lọ gba oyè òfin àti MBA ní Harvard. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Global Infrastructure Partners sílẹ̀ ní 2006. Ilé-iṣẹ́ yẹn ló ra pápákọ̀ òfurufú Gatwick ní London, òun náà sì ni BlackRock rà ní 2024 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 12.5 dọ́là. Mi ò sọ pé kí ẹ fi Ògúnlẹ́sì wọn Ìbùkún o. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, bísínẹ́ẹ̀sì ló kẹ́yìn.

Ẹ tún yí i padà. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Annapolis, tàbí ilé-ìwòsàn tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣiṣẹ́, tàbí ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó bíi Deloitte àti KPMG, College Park ni wọ́n mọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó ńlá mẹ́rin, tí àwọn méjì yìí wà lára wọn, kì í fi yunifásítì ìjọba ṣeré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó èèyàn púpọ̀. Níwájú ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ ní Baltimore, Amherst lè máà ṣe é ní nǹkan kan, ẹlòmíràn á tiẹ̀ ní, "Àbí UMass lẹ̀ ń sọ?", torí pé ìlú kan náà ni Yunifásítì Massachusetts wà. Ní Victoria Island ńkọ́, bí Ìbùkún bá ní òun fẹ́ padà sílé? Wọ́n mọ Harvard, wọ́n mọ Oxford, wọ́n mọ ilé-ìwé tí àbúrò ọ̀gá lọ ní London. Amherst á di ohun tí èèyàn ń ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n báńkì Èkó kan náà yẹn ò bìkítà nípa bísínẹ́ẹ̀sì: ẹni tó kọ́ botany wà lẹ́yìn káńtà níbẹ̀, ẹni tó kọ́ Yorùbá ń wá oníbàárà kiri, 2:1 ni wọ́n bi wọ́n.

Wàyí o, ṣé orúkọ tó wúwo máa ń mú owó wọlé lóòótọ́, àbí àwọn ọmọ tó gbọ́n tẹ́lẹ̀ ló ń lọ sí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Stacy Dale àti Alan Krueger, yẹ èyí wò, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2002. Wọ́n fi àwọn ọmọ tí irú ilé-ìwé kan náà gbà wéra: àwọn tó lọ síbi tó lókìkí jù, àti àwọn tí wọ́n gbà síbẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n yan ibi tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà, owó tí wọ́n ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí ibí yìí, wọ́n á sì pa ìwé náà dé. Wọn kì í ka ìyókù: kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tálákà, nígbà tí àwọn méjèèjì sì padà sídìí iṣẹ́ náà ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ aláwọ̀ dúdú, fún ọmọ Hispanic, àti fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò kàwé púpọ̀. Fún àwọn wọ̀nyí, ilé-ìwé olókìkí ń mú owó wọlé. Ìdí rẹ̀ ò ṣòroó rí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bá ọ̀gá báńkì gbá bọ́ọ̀lù golf á rí ẹni tó máa mú un wọlé láti ilé-ìwé yòówù tó lọ. Bàbá Ìbùkún ń wa ọkọ̀ akérò. Bí kò bá sí ní ilé, ilé-ìwé ló máa fún un ní àwọn ènìyàn yẹn.

Ìwádìí míràn jáde ní 2023, láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Raj Chetty, David Deming àti John Friedman. Ilé-ìwé 12 ni wọ́n yẹ̀ wò: àwọn mẹ́jọ Ivy League pẹ̀lú Stanford, MIT, Duke àti Chicago, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ṣòroó wọ̀ jù. Ní ti owó tí ẹni tó wà láàárín ń gbà, ìyàtọ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àǹfààní àtiwọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó ń gba owó jù fi bí ìdajì lé sí i, ti àtiwọ ilé-iṣẹ́ tó lókìkí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Amherst kò sí nínú àwọn 12 yẹn, mi ò sì ní fi nọ́ńbà wọn lé e lórí. Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ ni pé orúkọ ilé-ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ yí ayé ẹni tó wà láàárín padà. Òkè téńté ló ti ń ṣílẹ̀kùn. Bí Ìbùkún bá ń fẹ́ ìgbé-ayé tó dáa, ilé tirẹ̀, iṣẹ́ tí kò ní máa bẹ̀rù pé yóò bọ́, College Park tó o, ó sì kù.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí bísínẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí àwọn òbí wa ń fi ojú bo nǹkan. Amẹ́ríkà ń fún èèyàn tó tó mílíọ̀nù méjì ní dìgírì àkọ́kọ́ lọ́dọọdún, bísínẹ́ẹ̀sì sì ń kó bí ìdá kan nínú márùn-ún, ju ẹ̀kọ́ èyíkéyìí míràn lọ. Ẹ̀rù ló kó ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́. Bẹ́ẹ̀, inú bísínẹ́ẹ̀sì kò rí bákan náà. Ní 2024, ilé ìwádìí Burning Glass àti Strada yẹ àwọn tó ti jáde ní ilé-ìwé wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún, láti mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò nílò dìgírì. Nínú àwọn tó kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì oníṣirò, bí accounting àti finance, wọn ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínú àwọn tó kọ́ management, marketing àti irú wọn, wọ́n ju ìdajì lọ. Ẹ tún un kà, Bàbá Ìbùkún náà kó kà á. Dìgírì tí orúkọ rẹ̀ dún bí owó, ju ìdajì àwọn tó gbà á ló wà nídìí iṣẹ́ tí ẹni tí kò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ṣe.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ College Park ni, ìbéèrè tó kàn ni ẹ̀ka wo nínú ilé-ẹ̀kọ́ Smith, bí wọ́n ṣe ń pe ilé bísínẹ́ẹ̀sì tibẹ̀. Accounting wà níbẹ̀, finance wà níbẹ̀, information systems wà, supply chain wà, marketing àti management náà wà. Lọ́wọ́ tèmi, mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn ni mo fara mọ́. Management fún ọmọ ọdún méjìdínlógún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ta ló fẹ́ ṣe ọ̀gá fún? Tọ́pẹ́ Awótọ́nà, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó tó dá Calendly sílẹ̀ ní Atlanta ní 2013, yunifásítì ìjọba ni òun lọ, Yunifásítì Georgia, ilé bísínẹ́ẹ̀sì sì ni. Ṣùgbọ́n information systems ló kọ́, ibi tí bísínẹ́ẹ̀sì ti pàdé kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó bá fẹ́ accounting kò ṣìnà pẹ̀lú, torí CPA, ìwé-àṣẹ àwọn oníṣirò owó, wà níwájú tó ń dúró dè é, ìwé-àṣẹ sì jẹ́ ohun tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ iyì rẹ̀.

Ìtàn wá ńkọ́? Ẹ bá mi wo ohun tí ọmọ máa ń ṣe gan-an nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ní Amherst. Gbogbo ilé-ìwé náà kò ju bí akẹ́kọ̀ọ́ 1,900 lọ. Yàrá kan, tábìlì kan, bí ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, olùkọ́ jókòó láàárín wọn. Wọ́n ti ní kí wọ́n ka odidi ìwé kan wá, àti lẹ́tà àwọn oníṣòwò tàbí ìwé ilé-ẹjọ́ ayé àtijọ́. Ìbùkún á sọ pé báyìí ló rí, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kò rí bẹ́ẹ̀, olùkọ́ á bi í ní ojú-ìwé wo ló ti rí i. Kò síbi tó lè sá sí. Lẹ́yìn náà, á kọ ojú-ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á dá a padà pẹ̀lú ìlà pupa lábẹ́ gbogbo gbólóhùn tí kò ní ẹ̀rí, á sì tún un kọ. Ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ẹni tó bá lè ka ìwé tó ta kókó, kó yọ irọ́ inú rẹ̀ jáde, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní ojú-ìwé méjì tí ọ̀gá lè kà nínú ọkọ̀, ọ́fíìsì ń wá a lójú méjèèjì. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin kò bìkítà bóyá ìtàn ló kọ́. Máàkì rẹ̀ àti LSAT, ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin, ni wọ́n ń wò. Kenneth Chenault tó darí American Express fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ìtàn ló kọ́ ní Bowdoin, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré irú Amherst, kó tó lọ kọ́ òfin.

Àmọ́ mi ò ní tan yín. Ìtàn nìkan, láìsí nọ́ńbà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, máa ń jẹ́ kí ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ le. Yunifásítì Georgetown ṣírò rẹ̀ ní 2020. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ọmọ ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts, èrè tó wà láàárín, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ilé-ìwé, jẹ́ 62,000 dọ́là, nígbà tó jẹ́ 107,000 fún gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì lápapọ̀. Ó kéré. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ó di 918,000 sí 723,000, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti lọ síwájú. Àwọn tó padà lọ di dókítà àti lọ́yà wà nínú ìyẹn, ọmọ olówó náà pọ̀ níbẹ̀, ẹ má gbé e mì lódindi. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mo máa ń rí mu: wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ẹni tí kò ní owó ilé tó lè fi dúró ní àkókò ìdúró yẹn gbọ́dọ̀ múra. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Ìbùkún kọ́ statistics. Amherst kò fi dandan mú ọmọ ní kọ́ọ̀sì púpọ̀. Yàtọ̀ sí kíláàsì kan ní ọdún àkọ́kọ́ àti ẹ̀ka tó bá yàn, ohun tó wù ú ló lè kọ́. Òmìnira yẹn dáa lọ́wọ́ ọmọ tó ní ète. Ọmọ tó ń sá fún ìṣirò lè fi sá títí tó fi máa jáde.

Ọ̀rọ̀ nípa ipò kìn-ín-ní, ipò kejì tí ìwé ìròyìn U.S. News ń to àwọn ilé-ìwé sí láti 1983, ẹ má jẹ́ kó gba àkókò yín. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts wà nínú ìwé ọ̀tọ̀, kò sí Amherst nínú èyí tí àwọn èèyàn ń pín kiri lórí WhatsApp. Lọ́dún 2022 ni olùkọ́ ìṣirò kan ní Columbia fúnra rẹ̀ fi hàn pé àwọn nọ́ńbà tí ilé-ìwé rẹ̀ fi ránṣẹ́ kò péye. Columbia já láti ipò kejì sí ikejìdínlógún. Ilé-ìwé kan náà, olùkọ́ kan náà.

Owó ló kù, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì jù. Iye tí Amherst kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ju 90,000 dọ́là lọ lọ́dún. College Park, fún ọmọ Maryland tó ń gbé inú ọgbà, wà ní nǹkan bí 30,000. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ti pa ìwé dé. Àmọ́ ohun tí ìdílé lè san ni Amherst ń wò, ó sì ṣèlérí láti fi ìrànwọ́ dí gbogbo àlàfo tó kù; láti 2008 ni wọ́n ti yọ lóònù kúrò nínú ètò ìrànwọ́ wọn. Fún nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ tó ní ju ọmọ kan lọ, ó ṣeé ṣe dáadáa kí owó Amherst kéré sí ti College Park. Ẹ mú lẹ́tà ìrànwọ́ méjèèjì, kí ẹ sì fi bírò pín ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ grant tàbí scholarship, owó ọ̀fẹ́ ni. Work-study, ọmọ ló máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ kó tó gbà á. Èyí tí ẹ bá rí loan lára rẹ̀, gbèsè ni, bó ti wù kí wọ́n tò ó sábẹ́ "ìrànwọ́" tó. Ẹ yọ owó ọ̀fẹ́ kúrò nínú iye gbogbo rẹ̀. Ohun tó kù ni iye owó ilé-ìwé náà fún yín. Ẹ fi owó ọkọ̀ sí Massachusetts kún un, ẹ fi ẹ̀wù òtútù gidi kún un, ẹ sì wò ó bóyá insọ́ránsì ìlera tí ẹ ti ní níbi iṣẹ́ máa jẹ́ kó yẹra fún èyí tí ilé-ìwé ń tà.

Ìlà tí mo fà nìyí. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè yá 5,500 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́dún kìn-ín-ní, kò sì lè kọjá 31,000 títí tó fi máa parí. Ìyẹn ṣeé fara dà. Parent PLUS, tí òbí ń yá lórúkọ ara rẹ̀, ni mi ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn nítorí orúkọ ilé-ìwé kankan. Láti oṣù keje ọdún 2026, òfin tuntun ti fi òpin sí i ní 20,000 lọ́dún àti 65,000 fún ọmọ kan. Fún nọ́ọ̀sì tó ń ronú ìfẹ̀yìntì, 65,000 ti pọ̀ jù. Òfin kan náà ti pa Grad PLUS, lóònù àwọn tó ń lọ gba oyè lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, rẹ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ òfin kò lè yá ju 50,000 lọ lọ́dún lọ́wọ́ ìjọba, 200,000 lápapọ̀. Bí ọkàn Ìbùkún bá wà níbi òfin, dọ́là tí ẹ bá ná tán báyìí, ẹ máa wá a nígbà náà.

Ẹ tún bi ọmọ fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan tí òbí kì í sábà béèrè: ṣé á lè gbé ibẹ̀? College Park ní bí 30,000 akẹ́kọ̀ọ́ ìpele àkọ́kọ́. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀gúsí kò jìnnà, Washington wà nítòsí fún iṣẹ́. Amherst wà nínú ìlú kékeré tí yìnyín ń bò, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì jẹ́ ọmọ tí owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ nílé wọn. Àwọn kan ń gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn kan ń rọ. Ìbùkún sì lè lọ sí College Park kó kọ́ economics pẹ̀lú ìtàn, láì fọwọ́ kan Smith rárá. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀nà méjì péré ló wà.

Ibikíbi tó bá lọ, ẹ má jẹ́ kó dúró di ọdún kẹta kó tó wá iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ (internship). Ìwádìí Burning Glass yẹn náà rí i pé ọmọ tó ti ṣe é rí kì í sábà bọ́ sídìí iṣẹ́ tí kò nílò dìgírì. Àwọn báńkì ti ń gba ìwé fún ọlidé sọ́mà ọdún kẹta nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ọdún kejì. Kó kọ ìwé sí ilé ìtọ́sọ́nà iṣẹ́ ní ilé-ìwé méjèèjì lọ́sẹ̀ yìí, kó béèrè níbo ni àwọn tó kọ́ ìtàn lọ ṣiṣẹ́ ní sọ́mà tó kọjá, àti ta ló san owó wọn. Ẹni tó bá dáhùn pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́, kó fún un ní máàkì. Ẹni tó bá fi ìwé pélébé aláwòrán ránṣẹ́, ẹ ti mọ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ṣe gbèdéke. Kó tó dìgbà náà, bí lẹ́tà Amherst bá ga jù, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó wọn pé kí wọ́n tún un wò. Ẹ má kọ ẹ̀bẹ̀, nọ́ńbà ni kí ẹ kọ. Ẹ kọ iye tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ìyá yín nílé lóṣooṣù, kí ẹ so rìsíìtì rẹ̀ mọ́ ọn, torí pé FAFSA, fọ́ọ̀mù ìjọba tí a fi ń béèrè ìrànwọ́, kò bi yín nípa rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí iṣẹ́ Bàbá Ìbùkún bá ti dín kù lọ́dún yìí sí ti ìwé owó-orí tí wọ́n wò. Ẹ so lẹ́tà College Park mọ́ ọn pẹ̀lú. Kí Ìbùkún ló buwọ́ lù ú, kí ẹ̀yin sì ṣe àfikún tiyín lábẹ́ rẹ̀.